Ọmọ Tí Oòrùn Ò Gbọdọ̀ Rí

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kejì, 2025

Màámi dé láti Ìdèrè lọ́sàn-án yìí. Ọ̀kadà ló gbé wọn — àpò láfún níwájú, ẹrù aṣọ lẹ́yìn, àwọn fúnra wọn há sáàárín. Mo dì mọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà, mo sunkún bí ọmọdé. Ọpẹ́ ni.

Láti ọ̀la lọ, mo lè lọ síléèwé kí ọkàn mi balẹ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù ti padà sí Lánlátẹ̀. Ìyá ọkọ mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, inú ìwé yìí nìkan o, torí kò sí ìkòkò tí wọn kì í ṣí wò nínú ilé mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ká kọ́tínì yàrá Purity sókè, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ò wọlé. Mo bá ọmọ mi lórí bẹ́ẹ̀dì, oòrùn ràn sí i lójú. Mo pariwo mọ́ wọn. Wọ́n bínú, wọ́n kó ẹrù. Jẹ́jẹ́ kò sọ nǹkan kan. Jẹ́jẹ́ ni Malachi, ọkọ mi — "ẹ ṣe é jẹ́jẹ́, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́" kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀, ilé ìbáà máa jó.

Mo jókòó ti Màámi, mo tún là á yé wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Purity. Àwọn àmì dúdú wínníwínní tó kún ojú ẹ̀ yẹn, kì í ṣe èéyi, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Oòrùn ń ba nǹkan jẹ́ nínú awọ ara gbogbo wa lójoojúmọ́. Ara tiwa ń tún un ṣe, tiẹ̀ ò lè tún un ṣe. Kò sóògùn ẹ̀. Kó má sáà rí oòrùn, ìyẹn nìkan ni. Dókítà Adéwùmí sọ ọ́ fún èmi àti Malachi n'Íbàdàn lọ́dún tó kọjá, obìnrin náà ò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: tí ẹ bá ṣọ́ ọ, á dàgbà; tẹ́ ò bá ṣọ́ ọ, jẹjẹrẹ ni.

Màámi gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní, "Mo gbọ́, Àpèkẹ́. Màá gbé e bí ẹni gbé ẹyin."

Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kejì

Mo ṣiṣẹ́ títí iléèwé fi jáde, mi ò pe ilé lẹ́ẹ̀kan. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kejì

Bàọ́lọ́jì, SS3. Bí DNA ṣe ń da ara ẹ̀ kọ. Mo ní kí wọ́n fojú inú wo ìwé kan tó gùn gbọọrọ, tí wọ́n ká kó sínú sẹ́ẹ̀lì tí ojú ò lè rí. Kí sẹ́ẹ̀lì yẹn tó pín sí méjì, ó gbọ́dọ̀ da gbogbo ìwé náà kọ. Àwọn ẹ́ńsáìmù ló ń ṣe é. Hẹ́líkéésì ń ṣí ìwé bí ẹni ṣí síìpù. Pọ́límíréésì ń kà á, ó ń dà á kọ. Láígéésì ń lẹ ibi tó bá já. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bíi tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó ń ṣiṣẹ́ oko ni.

Mo ní iṣẹ́ ò parí síbẹ̀. Àwọn atúnṣe wà. Oòrùn a máa mú lẹ́tà méjì lẹ̀ mọ́ra nínú ìwé yẹn, ibẹ̀ á wọ́. Ẹ́ńsáìmù kan á rí i. Àwọn míì á gé ibẹ̀ sọ nù. Pọ́límíréésì á kọ tuntun dípò, láígéésì á lẹ̀ ẹ́ pa. Lójoojúmọ́ ni, lára gbogbo ẹni tó ń rìn nínú oòrùn, òun gan-an ò sì ní í mọ̀.

Mùíz, ọ̀gbẹ́ni ẹ̀yìn kíláàsì tí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́, nawọ́ sókè. "Mà, tẹ́ni tó ń gé e yẹn ò bá wá síbi iṣẹ́ ńkọ́?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín. Mo ní ibi tó bàjẹ́ á wà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń dà á kọ á fo ibẹ̀ tàbí kí wọ́n méfò, wọ́n á sì máa da àṣìṣe kọ lé àṣìṣe, títí sẹ́ẹ̀lì náà ò fi ní í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ó ní, "Jẹjẹrẹ nìyẹn, mà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo kọjú sí pátákó bí ẹni fẹ́ kọ nǹkan.

Wọ́n bi mí bí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń wọ ilé. Mo ní ẹ wo AS méjì tó fẹ́ra: bàbá mú ìlàjì wá, ìyá mú ìlàjì wá. Mo sọ ọ́ geere, bó ṣe wà nínú ìwé. Àmọ́ níbí tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ — ilé Malachi ni ọkàn mi ń bá lọ. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí nílé tiwa.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Kejì

Oòrùn wọ̀ tán kí a tó mú Purity jáde. Èmi, Jẹ́jẹ́, Màámi. Ó lé ewúrẹ́ Sàrátù aránṣọ títí dé ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó ń pariwo, ó ṣubú, ó dìde. Inú mi dùn débi pé àyà mi ń dùn mí.

Màámi kàn ń wò ó. Wọ́n ní, "Ọmọ èèyàn wá dà bí ológbò, kó tó dalẹ́ kò gbọdọ̀ jáde." Ọ̀rọ̀ yẹn ò bá mi lára mu. Mo gbójú fò ó. Wọ́n ti dàgbà.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kejì

Mo wẹ̀ fún Purity, mo rí àwọn àmì tuntun. Ẹ̀yìn. Ikùn. Ibi tí aṣọ ń bò! Mo tún tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Kì í ṣe ojú mi.

Àbí ìpara adènà-oòrùn yẹn ti bàjẹ́? Mo yẹ ara ike ẹ̀ wò — kò tíì bàjẹ́. Àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? Àbí iná gílóòbù inú ilé ni? Mo yọ gílóòbù yàrá ẹ̀ kúrò. A jẹun alẹ́ nínú òkùnkùn bí olè.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kejì

Mo bi Màámi bóyá ẹnikẹ́ni wá sílé nígbà tí mi ò sí. Wọ́n ń ṣa ewé gbúre. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ìyá ọkọ rẹ yà níjọ́ Ajé." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó tó mi. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo tẹ Kọ́sítọ́ọ̀mù láago níbi oúnjẹ, níwájú Jẹ́jẹ́, kó má ba à ní mo sọ ọ́ lẹ́yìn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fọmọ mi sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ sọ fún mi." Mo tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní láti inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni àìsàn náà ti wá. Ìyá yẹn ní, "Àpèkẹ́, mo yà kí ọmọ ọmọ mi, mi ò tiẹ̀ jókòó. Ọlọ́run á là á." Wọ́n gé fóònù.

Jẹ́jẹ́ gbá àmàlà ọwọ́ ẹ̀ mọ́ra, ó ń wo àwo. Kò gbèjà ìyá ẹ̀, kò bá mi wí. Mo ní lọ́kàn mi pé ojú ń tì í nítorí ìyá ẹ̀. Màámi dìde, wọ́n lọ fọ àwo.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kejì

Ojú ẹ̀ pupa. Ìpéǹpéjú wú. Olúwa.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù Kejì

Nǹkan kan hù sí ẹ̀gbẹ́ imú Purity. Kékeré bí hóró ata, ó ń dán. Mo fọwọ́ kàn án, kò dùn ún. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Mo pe Dókítà Adéwùmí. Wọ́n ní kí n mú un wá ní kété tí àyè bá yọ, ọjọ́ kẹrin oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n bi mí: "Ṣé kì í ṣe pé ó ń rí oòrùn?" Mo ní, rárá mà, ìyá mi ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń fọ́nnu.

Mo ń fi ìpara pa á lẹ́sẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó ní, "Mọ́mì, láfún máa ń gbóná lẹ́sẹ̀." Mo ní láfún wo? Ó wo Màámi. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Màámi ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, oorun ti ń kùn ún. Mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì.

Ìṣẹ́gun, 25 oṣù Kejì

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Orí fọ́ mi níléèwé, ọ̀gá ní kí n máa lọ. Ó ku díẹ̀ kó di àkókò ìsinmi àwọn ọmọ, oòrùn ti mú ganrínganrín. Ilẹ̀kùn iwájú tì. Mo kànkùn, kò sóhùn. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé yí sẹ́yìn.

Láfún funfun báláú lórí àpáta ẹ̀yìnkùlé, Màámi sá a bí wọ́n ṣe ń sá a n'Ìdèrè. Ẹní wà láàárín ẹ̀. Ọmọ mi wà lórí ẹní. Pátá nìkan ló wọ̀. Àdín ń dán lára ẹ̀ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò sí fìlà, kò sí awò ojú. Ó dijú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Màámi ń fi ọwọ́ kan tú láfún ká, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì ra á lẹ́yìn, wọ́n ń kọrin fún un. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Ó yá, yí padà, ìyá mi, kí iwájú náà gbẹ."

Wọ́n sá ọmọ mi bí èlùbọ́.

Mi ò mọ ohun tí mo fi pariwo. Mo fi búbá mi bò ó, mo gbé e wọlé. Láfún dà nù, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Purity bú sẹ́kún. Kì í ṣe oòrùn ló ń sunkún fún o. Ó ń nawọ́ sí ìta, ó ń ké "Màmá Ìdèrè! Màmá Ìdèrè!" mọ́ mi láyà, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá mi.

Màámi tẹ̀ lé mi wọlé, wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn ṣàlàyé. Mo ní kí wọ́n jáde níwájú mi. Ìyá mi! Mo lé ìyá tó bí mi sórí àpáta, mo ti ilé.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mò ń kà á fún àwọn ọmọ iléèwé bí àkọ́sórí.

Ọjọ́rú, 26 oṣù Kejì

Ó mọ̀.

Malachi mọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó gbàgbé nǹkan kan sílé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó padà wá mú un, ó bá wọn lórí àpáta. Ó ní Màámi bẹ òun pé kí òun má sọ. Ó ní oòrùn àárọ̀ ni, òun ò rò pé ó le tó bẹ́ẹ̀, ṣebí wọ́n yá gbogbo wa lóòrùn nígbà tí a wà lọ́mọ ọwọ́.

Mo ní, "Ẹ jókòó síbi oúnjẹ, ẹ ń gbọ́ bí mo ṣe ń bú ìyá yín. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àwọn. Ẹ sì dákẹ́!"

Ìgbà yẹn ló wá gbójú sókè. Kò tiẹ̀ pariwo. Ó ní, "Nígbà tó jẹ́ ìyá tèmi ló ká kọ́tínì, kọ́tínì lásán ni, o lé wọn. Mo fẹ́ wo ohun tí o máa ṣe fún tìẹ."

Ó fẹ́ wò ó. Ọmọ ẹ̀ lórí àpáta, ó ń wo èmi! Ọdún méje ni mo fi pe èèyàn yìí ní Jẹ́jẹ́, mo rò pé sùúrù ni. Mi ò ní í pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Orúkọ tó ń jẹ́ ni màá máa kọ.

Mo pe Lánlátẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí fóònù bí ẹni pé wọ́n ń rí mi. Ìyá ọkọ mi ní kò sí wàhálà. Ohùn wọn tutù bí omi àmù. Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù Kejì

Ọ̀dọ̀ Sàrátù aránṣọ ni Màámi sùn sí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi náà ò tíì padà síléèwé. Lónìí wọ́n wọlé láì kànkùn, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí n gbọ́ tẹnu àwọn.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tí mi ò bá láyé — Ṣẹ́gun. Mo mọ̀ ọ́n lórúkọ. Ìgbóná ló pa á, ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn. Kì í ṣe ìgbóná. Ojú ẹ̀ rí bíi ti Purity. Àmì wínníwínní kan náà, ojú pípọ́n kan náà, egbò nímú. Wọ́n ń gbé e lọ sóko látìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́, àárín ebè ló ti kọ́ ìrìn. Nígbà tí egbò yọ, àwọn ará ilé ní ẹ̀tẹ̀ ni. Bàbá mi ní ẹnì kankan ò gbọdọ̀ rí i mọ́. Wọ́n tì í mọ́ yàrá.

Màámi ní, "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń tì í mọ́lé tí mo bá ń lọ sóko. Á máa ha ilẹ̀kùn. Inú yàrá yẹn ló kú sí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde ni oòrùn tó tún bà á lójú. Oòrùn ò pa Ṣẹ́gun, Àpèkẹ́. Yàrá ló pa á. Mi ò lè ti ìkejì mọ́lé. Ìwọ náà, ibà pọ́njú ló ṣe ọ́ nígbà tí mo bí ọ, oòrùn àárọ̀ ni mo fi gbà ọ́ sílẹ̀."

Mo mọ èsì ẹ̀. Egbò ti wà nímú Ṣẹ́gun kí wọ́n tó tì í mọ́lé. Oko ló ti bà á jẹ́, ara ẹ̀ ò ní ẹni tó ń gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, bíi ti ọmọ mi gẹ́lẹ́. Yàrá pẹ́ kó tó dé ni. Mo sọ ọ́ fún wọn jẹ́ẹ́, bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún SS3. Wọ́n ń wò mí bí ẹni wo ọmọdé tó ń ka ìwé.

Nígbà náà ni mo béèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́dún tó kọjá tí mo ti Ìbàdàn dé, tí mo sọ bí àìsàn yìí ṣe rí fún wọn — wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n jẹ́ kí n máa ka ẹ̀jẹ̀ ilé ọkọ mi sí ẹ̀jẹ̀ burúkú. Wọ́n gbọ́ bí mo ṣe bú ìyá ẹlòmíì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n lọ fọ àwo. Mo ní, "Kí ló dé, Màámi?"

Wọ́n ní, "Ta ní í fi àbùkù ilé ẹ̀ han àna?"

Inú wọn mọ́, mo rí i. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù. Ì bá ṣe ọ̀tá ni, mo mọ ohun tí màá ṣe.

Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹta

Ìbàdàn. A kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́, aṣọ dúdú lára gbogbo gíláàsì ọkọ̀. Wọ́n gé nǹkan náà kúrò nímú ẹ̀. Ó pe Màmá Ìdèrè, kò pè mí.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kẹta

Jẹjẹrẹ ni.

Dókítà Adéwùmí ní a tètè gbé e wá, wọ́n gé e mọ́ tónítóní, kò ràn. Ṣùgbọ́n èyí tó ti wọlé ti wọlé: ohun tí oòrùn ti kọ sára ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn, kò sẹ́ni tó máa pa á rẹ́. Òmíràn lè yọ lọ́dún yìí, ó lè yọ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ká máa ṣọ́nà. Wọ́n bi wá bí oòrùn ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Malachi yára, ó ní, "Àwa la ò ṣọ́ra, mà." Àwa! Mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ níbẹ̀, pé ìyá mi àti bàbá ẹ̀ ló fọwọ́ sí i?

Mo kọ̀wé sí ọ̀gá iléèwé nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń bọ̀. Mi ò wá mọ́ títí táàmù yìí á fi parí. Bóyá èyí tó ń bọ̀ náà. Kò sẹ́ni tí mo lè fi ọmọ mi tì mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kẹta

Màámi lọ lónìí. Mi ò lé wọn lọ́tẹ̀ yìí, mi ò sì ní kí wọ́n dúró. Mo bá wọn di ẹrù. Mo sin wọn dé ibi ọ̀kadà, mo kúnlẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n súre. Ẹkún ń bọ́ lójú wọn, èmi ò sunkún. Wọ́n ní, "Ìyá ni ọ́, o máa gbọ́ ọ yé lọ́jọ́ kan." Mo ní, "Mo ti gbọ́ ọ yé, Màámi. Mi ò lè fọmọ mi sílẹ̀ fún yín mọ́ ni." Ọ̀kadà gbéra.

Mo padà wọlé, mo jókòó ti Purity nínú yàrá ẹ̀. Báńdéèjì ṣì wà nímú ẹ̀. Mo ní, kí ló dé tí kò sọ fún mi látijọ́ yìí wá? Ó ní Màmá Ìdèrè ní kí òun má sọ, Dádì náà ní kí òun má sọ. Ó sọ ọ́ bí ọmọ tó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́rin, gbogbo ilé ti kọ́ ọ láti purọ́ fún mi, ó sì ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo gbé e lé ẹsẹ̀. Mo ní kò ṣe nǹkan kan, kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀. Mo ní èmi nìkan ló kù tó máa máa wà pẹ̀lú ẹ̀ báyìí, láàárọ̀, lọ́sàn-án, títí oòrùn á fi wọ̀.

Ó ro ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti lé Màmá Ìdèrè lọ?"

Mo ní wọ́n lọ sílé wọn.

Ó ní, "Ta ló máa wá máa ṣí ilẹ̀kùn fún mi?"

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń kọ mànà lórí àpáta lẹ́yìn ilé. Mo gbé e sílẹ̀, mo dìde, mo lọ wò ó bóyá mo ti ilẹ̀kùn dáadáa.